Bí Iṣẹ́ Ọwọ́ Ṣe Gba Oyè Ọ̀mọ̀wé ní Amẹ́ríkà

Oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àti ìdàgbàsókè òṣìṣẹ́ ni oyè tí àwọn fásitì Amẹ́ríkà ń fún ẹni tó bá ti ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀ lórí bí ènìyàn ṣe ń kọ́ṣẹ́, bí a ṣe ń tọ́ olùkọ́ tí yóò kọ́ni níṣẹ́, àti bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń mú kí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dá ṣáṣá. Ẹni tó ń lépa rẹ̀ lè jẹ́ tíṣà tó ń kọ́ ọmọ girama ní iṣẹ́ àgbẹ̀, ó lè jẹ́ ọ̀gá tó ń bójú tó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ńlá, ó sì lè jẹ́ ológun tó ti fẹ̀yìn tì. Orúkọ ẹ̀kọ́ náà ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn ọ̀mọ̀wé ló ń ṣàlàyé rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá tọ pinpin ìtàn rẹ̀, òfin, ogun àti owó ìjọba ló ń gbé e dìde ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ sùn.

Kí fásitì kankan tó dá sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni ọmọ ti ń kọ́ ọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó tẹ Massachusetts dó kó àṣà ilé wọn dání: òbí á bá ọ̀gá tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, ọmọ á kó lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, ọ̀gá á máa bọ́ ọ, á máa fi aṣọ sí i lọ́rùn, á sì máa kọ́ ọ níṣẹ́ títí ọdún àdéhùn yóò fi pé. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1642 pàṣẹ fún òbí àti ọ̀gá pé kí wọ́n rí i pé ọmọ tó wà lábẹ́ wọn mọ ìwé kà, kí ó sì ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti rí ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì ní Ìbàdàn kò ní rí ohun àjèjì kan nínú ètò yìí, títí kan ìyà tó máa ń jẹ ọmọ iṣẹ́. Benjamin Franklin, tí àwòrán rẹ̀ wà lára owó ọgọ́rùn-ún dọ́là lónìí, kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé lọ́dọ̀ James ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Boston láti ọmọ ọdún méjìlá. Nígbà tí lílù tí ẹ̀gbọ́n ń lù ú pọ̀ jù, ó sá lọ sí Philadelphia ní 1723, àdéhùn rẹ̀ kò tíì pé.

Ẹ̀rọ ló ba ètò yìí jẹ́. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ àti ti bàtà gba ìlú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n gé iṣẹ́ kan sí wẹ́wẹ́, olúkúlùkù sì ń ṣe ìwọ̀nba tirẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ kan ìṣó mọ́ gìgísẹ̀ bàtà kò nílò ọdún méje lọ́dọ̀ ọ̀gá, ọ̀gá pàápàá kò sì ráyè kọ́ ọmọ ọlọ́mọ mọ́. Ìbéèrè wá délẹ̀: ta ni yóò máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́?

Ìgbà ogun abẹ́lé ni ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ dáhùn. Ní ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 1862, Ààrẹ Abraham Lincoln fọwọ́ sí òfin tí Justin Morrill, aṣòfin láti Vermont, gbé wá. Òfin náà fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ ìjọba, 30,000 éékà fún aṣòfin kọ̀ọ̀kan tí ìpínlẹ̀ náà ní ní Washington, kí wọ́n tà á, kí wọ́n sì fi owó rẹ̀ gbé kọ́lẹ́ẹ̀jì tí yóò máa kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ ró. Ọwọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní Indian, ni ìjọba ti gba ilẹ̀ wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ tí kì í sábà wọ inú ìtàn tí àwọn fásitì ń sọ nípa ara wọn. Illinois, Minnesota, Penn State, Ohio State àti Louisiana State wà lára àwọn fásitì tó ti ibi òfin yìí rí owó. Àwọn kan náà ló wá di ojúkò oyè ọ̀mọ̀wé tí à ń sọ yìí ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà. Òfin kejì tí Morrill gbé wá ní 1890 ló mú kí àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tí kò gba aláwọ̀ dúdú sí kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn dá tiwọn sílẹ̀ fún wọn.

Ọ̀nà mìíràn ni oyè ọ̀mọ̀wé fúnra rẹ̀ gbà wọ Amẹ́ríkà. Jámánì ni ó ti wá, níbi tí ọ̀jọ̀gbọ́n àti àwọn ọmọ lẹ́yìn rẹ̀ ti ń jókòó yí tábìlì ká, tí wọ́n ń tú ìwádìí ara wọn palẹ̀. Yale fún àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ní oyè náà ní 1861. Nígbà tí wọ́n ṣí Johns Hopkins ní Baltimore ní 1876, àpẹẹrẹ Jámánì ni wọ́n tẹ̀ lé. Ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ olùkọ́ wọlé sí ìpele yìí ní Teachers College ti Columbia ní New York ní 1893. Nígbà náà, kò tíì sí ẹni tó rò pé bí a ṣe ń kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ káfíńtà lè jẹ́ ohun tí ọ̀mọ̀wé yóò fi ọdún mẹ́ta kọ ìwé lé lórí.

Síbẹ̀, ohun tó máa là wọ́n lójú ti wáyé ṣáájú ìgbà yẹn, níbi ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Philadelphia ní 1876, nígbà tí orílẹ̀-èdè náà pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn ará Rọ́ṣíà kó iṣẹ́ ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Moscow wá, èyí tí Victor Della Vos ń darí. Àga àti kọ́bọ́ọ̀dù kọ́ ni wọ́n pàtẹ. Igi tí wọ́n rẹ́, irin tí wọ́n fáyìlì, oríkèé tí wọ́n fi so igi mọ́ igi ni, wọ́n sì tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn jù lọ dé orí èyí tó le jù lọ. Della Vos ti tú iṣẹ́ ọ̀gá sí ìgbésẹ̀ kéékèèké, ó sì ti fi hàn pé olùkọ́ kan lè fi kọ́ odindi kíláàsì lẹ́ẹ̀kan náà. John Runkle, ààrẹ MIT, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Massachusetts, rí i, ó sì lọ sọ fún àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé ohun tí àwọn ń wá nìyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Calvin Woodward gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní St. Louis ní 1879. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ bí a ṣe ń kọ́ni níṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀ sí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo oyè ọ̀mọ̀wé tó tẹ̀ lé e sì dúró lé.

Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, ìjà ni ọ̀rọ̀ náà dì. Samuel Armstrong, ọ̀gágun kan láti ogun abẹ́lé, dá ilé-ẹ̀kọ́ Hampton sílẹ̀ ní Virginia ní 1868 kí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú lè kọ́ṣẹ́ kí wọ́n sì di olùkọ́. Booker T. Washington, tó jáde níbẹ̀, lọ bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Tuskegee ní Alabama ní 1881. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fúnra wọn ló ń sun bíríkì tí wọ́n fi kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà. W.E.B. Du Bois, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Harvard, ní 1895, kò fara mọ́ ọn. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1903, ó bẹnu àtẹ́ lu èrò pé iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ló yẹ kí a fi sọ́wọ́ ènìyàn dúdú nígbà tí ìwé gíga wà fún funfun. Àríyànjiyàn àwọn méjèèjì kò parí. Gbogbo ìgbà tí ìjọba bá tún fẹ́ pín àwọn ọmọ sí ti ìwé àti ti iṣẹ́, ìbéèrè Du Bois ni wọ́n ń bá pàdé lójú ọ̀nà.

Ètò Tuskegee dé ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú. Àwọn Jámánì tó ń ṣàkóso Togo nígbà náà bẹ Booker T. Washington pé kí ó bá wọn wá ẹni tí yóò kọ́ àwọn ará ibẹ̀ ní oko òwú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1901, James Calloway àti àwọn mẹ́ta mìíràn láti Tuskegee ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, John Robinson, dúró pẹ́ ju àwọn yòókù lọ, ilé-ẹ̀kọ́ òwú sì wáyé ní Notsé, kí odò tó gbé Robinson lọ ní 1909. Owó òwú ni Jámánì ń wá. Ìlọsíwájú àgbẹ̀ Togo kò sí lórí tábìlì wọn.

Ìran àkọ́kọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé tó gbé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ lé orí jáde láti Columbia. David Snedden gba oyè tirẹ̀ ní 1907 lórí àwọn ilé ìtọ́nisọ́nà tí wọ́n ń kó ọmọ aláìgbọràn sí, níbi tó ti rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ wà lára ohun tí wọ́n fi ń tọ́ wọn. Ó di kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ ní Massachusetts ní 1909, ó sì mú Charles Prosser mọ́ra. Iṣẹ́ ìwádìí tí Prosser ṣe fún oyè tirẹ̀, tó jáde ní 1915, dá lórí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní Boston. Prosser kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yípo. Ó gbà pé ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jọ ibi iṣẹ́ gan-an, ẹ̀rọ kan náà, irinṣẹ́ kan náà, àti pé ẹni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà ló yẹ kó kọ́ni.

John Dewey, onímọ̀ nípa ètò ẹ̀kọ́ tí òun náà ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Johns Hopkins ní 1884, takò wọ́n. Lójú tirẹ̀, bí a bá ya ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ sọ́tọ̀, ọmọ òṣìṣẹ́ yóò di òṣìṣẹ́, ọmọ ọ̀gá yóò sì di ọ̀gá, ìjọba tiwa-n-tiwa yóò sì di orúkọ lásán. Ó fẹ́ kí gbogbo ọmọ fi iṣẹ́ mọ ayé. Mímọ ẹ̀rọ kan ṣoṣo kò tó lójú rẹ̀. Òun àti Snedden fi èsì ránṣẹ́ síra wọn nínú ìwé ìròyìn New Republic ní 1915. Dewey ló borí nínú àríyànjiyàn náà, Prosser ló sì borí níbi tí wọ́n ti ń ṣòfin.

Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kejì ọdún 1917, Ààrẹ Woodrow Wilson fọwọ́ sí òfin Smith-Hughes, tí a fi orúkọ aṣòfin méjì láti Georgia pè. Ogun Àgbáyé Kìíní ti ń kan ilẹ̀kùn. Ìjọba fẹ́ ọmọ tó mọ iṣẹ́. Owó tí òfin náà là kalẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ márùndínlógójì dọ́là lọ́dún, ó sì gòkè dé nǹkan bíi mílíọ̀nù méje láàárín ọdún mẹ́wàá. Iṣẹ́ àgbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀rọ, àti ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé ni wọ́n dárúkọ. Òfin náà tún ya owó kan sọ́tọ̀ fún títọ́ olùkọ́, ìpínlẹ̀ tí kò bá sì lò ó fún olùkọ́ kò ní rí ti owó oṣù olùkọ́ gbà. Prosser di ọ̀gá àgbà ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó o.

Níbi ìpín owó olùkọ́ yìí gan-an ni fásitì ti wọ ọ̀ràn náà. Wọ́n nílò ẹni tí yóò kọ́ olùkọ́, ẹni tí yóò kọ́ olùkọ́ sì nílò ẹ̀ka-ẹ̀kọ́, ọ̀jọ̀gbọ́n àti oyè. Mẹkáníìkì tó fẹ́ di tíṣà lọ ń jókòó ní kíláàsì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, òun náà fẹ́ di ọ̀gá. Àkókò náà bọ́ sí ìgbà tí Harvard dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ ní 1920 tó sì bẹ̀rẹ̀ oyè tuntun kan, Ed.D., fún ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀kọ́. Teachers College gba irú rẹ̀ wọlé ní 1934. Láti ìgbà náà ni ọmọ Amẹ́ríkà tó fẹ́ di ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ti ń yan ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì: Ph.D. fún ẹni tí yóò máa ṣe ìwádìí, Ed.D. fún ẹni tí yóò máa darí ètò. Ìyàtọ̀ náà sábà máa ń hàn lórí ìwé ju bó ti ń hàn lẹ́nu iṣẹ́ lọ.

Apá kejì ẹ̀kọ́ yìí, ti òṣìṣẹ́ tó ti wà nílé-iṣẹ́, kò bẹ̀rẹ̀ ní fásitì rárá. Charles Allen, tó ti ń kọ́ni níṣẹ́ ní New Bedford, ni wọ́n pè nígbà ogun 1917 pé kí ó wá kọ́ àwọn tí yóò kọ́ àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ìwé rẹ̀ ti 1919 pín ìkọ́niníṣẹ́ sí ìpele mẹ́rin: múra akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, fi iṣẹ́ hàn án, jẹ́ kí ó ṣe é, dán an wò. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, tí àwọn ọkùnrin lọ sójú ogun, tí obìnrin àti àgbà tí kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ rí kún ilé-iṣẹ́, Channing Dooley, Walter Dietz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìpele mẹ́rin yẹn dìde. Orúkọ ètò wọn ni Training Within Industry, láti 1940 sí 1945.

Ọjọ́ márùn-ún, wákàtí méjì-méjì, ni ẹ̀kọ́ náà ń gbà, ènìyàn bíi mẹ́wàá nínú kíláàsì, fóòmàn sì ni púpọ̀ nínú wọn. Olùkọ́ á mú wáyà iná dání, á pe ẹnì kan jáde, á fi ẹnu nìkan ṣàlàyé bí a ṣe ń ta kókó kan tí àwọn oníṣẹ́ iná máa ń ta kí wáyà má baà já kúrò lára ihò gílóòbù. Onítọ̀hún kò ní lè ta á. Á pe ẹlòmíràn, á ta kókó náà lójú rẹ̀ láìlanu. Ìyẹn náà á fọwọ́ rọ́ wáyà títí, kò ní bọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni yóò wá pe ẹlòmíràn, á fi í lára balẹ̀, á bi í léèrè ohun tó ti mọ̀, á ta kókó náà ní díẹ̀díẹ̀, á máa sọ ohun tó ń ṣe, á tẹnu mọ́ ibi tó ti gba ọgbọ́n, á ní kí òun náà ta á kí ó sì máa ṣàlàyé, á wá fi í sílẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́, á sì máa padà wá wò ó. Kókó á yọrí. Àwọn fóòmàn tí wọ́n ti ń bú òṣìṣẹ́ tuntun ní ọ̀dẹ̀ fún ogún ọdún á wá mọ̀ pé ẹnu àwọn ni kò kọ́ni. Nígbà tí ogun fi máa parí, ó lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ ènìyàn tó gba ìwé ẹ̀rí ètò yìí, ní ilé-iṣẹ́ tó lé ní 16,000. Wọ́n gbé e lọ sí Japan lẹ́yìn ogun, níbi tó ti ta gbòǹgbò ju ti ilé lọ.

Àwọn tó ń darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nílé-iṣẹ́ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1943, ẹgbẹ́ tí a ń pè ní ATD láti 2014. Wọ́n ní iṣẹ́, wọ́n ní owó, wọn kò ní oyè. Fún bí ogún ọdún, wọn kò ní ohun púpọ̀ ṣe pẹ̀lú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tó wà ní fásitì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpele mẹ́rin Allen kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò.

Ọdún mẹ́wàá tó bẹ̀rẹ̀ ní 1960 ló yí nǹkan padà. Theodore Schultz, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Chicago, sọ ní 1961 pé ẹ̀kọ́ àti ìlera tó wà lára ènìyàn jẹ́ ọrọ̀ tí orílẹ̀-èdè lè kó owó lé bó ti ń kó o lé ẹ̀rọ. Gary Becker kọ ìwé lé e lórí ní 1964. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel nígbà tó yá, ní 1979 àti 1992. Ní oṣù Kejìlá 1963, kò tíì pé oṣù kan lẹ́yìn tí wọ́n pa Ààrẹ Kennedy, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin tuntun fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́. Òfin náà ya ìdá kan nínú mẹ́wàá owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìwádìí. Irú owó bẹ́ẹ̀ kò wọ ẹ̀kọ́ yìí rí. Ibùdó ìwádìí ńlá ṣí ní Ohio State, òmíràn ní North Carolina State. Nígbà tó fi máa di 1970, apá kan nínú òfin mìíràn, tí àwọn tó wà nídìí rẹ̀ ń fi nọ́ńbà rẹ̀ pè ní 552, ń san owó ilé-ìwé àti owó oúnjẹ fún àwọn tí wọ́n yàn láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ ka oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn tó wá di olórí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ ní ọdún 1980 sí 1990 jẹ́ ọmọ owó yẹn tàbí ti ìwádìí 1963.

Èrò pé ìmọ̀ òṣìṣẹ́ jẹ́ ọrọ̀ orílẹ̀-èdè ti dé Nàìjíríà pẹ̀lú. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Eric Ashby ń ṣètò ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún orílẹ̀-èdè tó fẹ́ gba òmìnira, Frederick Harbison, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, ló ṣírò iye òṣìṣẹ́ onímọ̀ gíga tí Nàìjíríà yóò nílò, ìjábọ̀ náà sì jáde ní 1960. Ní ọdún yẹn náà ni Nnamdi Azikiwe, tó ti kàwé ní Amẹ́ríkà, ṣí fásitì Nsukka pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Michigan State, ọ̀kan nínú àwọn fásitì tí òfin Morrill gbé ró. Fásitì Wisconsin bá fásitì Ifẹ̀ kọ́ ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀. Ní Ayétòrò ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ṣí ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní 1963 pẹ̀lú owó Amẹ́ríkà àti olùkọ́ láti Harvard, níbi tí ọmọ kan náà ti ń kọ́ ìwé tó sì ń kọ́ iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí Dewey ṣe fẹ́. Babs Fafunwa, tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní New York University ní 1955, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba irú oyè bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ olùkọ́, kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ ti 1974 pé kíkọ́ṣẹ́ àti bíbọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ òótọ́ wà nínú ohun tí àwọn baba wa fi ń tọ́ ọmọ kí ìwé tó dé. Nígbà tí ó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990, ètò 6-3-3-4, tó fi iṣẹ́ ọwọ́ sínú girama, ti wà nílẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ sì ń kó eruku nínú àpótí.

Ní Amẹ́ríkà, Leonard Nadler ló so ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ilé-iṣẹ́ pọ̀ mọ́ fásitì. Ní 1969, níbi ìpàdé àwọn olùdánilẹ́kọ̀ọ́ nílé-iṣẹ́ ní Miami, ó gbé ìmọ̀ tó pè ní ìdàgbàsókè òṣìṣẹ́ kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka tó dá dúró, ìwé rẹ̀ tẹ̀ lé e ní 1970, ó sì ń kọ́ ọ ní fásitì George Washington. Ẹni tó ń dá òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́ wá ní ibi tó ti lè gba oyè.

Àwọn ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ kò kọ́kọ́ ka èyí sí. Ohun tó lé wọn wọ ilé Nadler ni ebi. Ìjábọ̀ ìjọba ti 1983 fẹ̀sùn kan ilé-ẹ̀kọ́ girama pé ìwé wọn ti rẹlẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ fi ìṣirò àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kún ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe, àyè fún ṣọ́ọ̀bù káfíńtà sì dín kù. Olùkọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń gbà dín kù, akẹ́kọ̀ọ́ fásitì tó fẹ́ di irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ dín kù. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́, ilé ìwòsàn àti iléeṣẹ́ ológun ń wá ẹni tó mọ bí a ṣe ń kọ́ àgbàlagbà. Illinois yí orúkọ ẹ̀ka rẹ̀ padà sí ti ìdàgbàsókè òṣìṣẹ́. Louisiana State kó ẹ̀kọ́ àgbẹ̀, ìtọ́jú ilé àti iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ sábẹ́ orúkọ tuntun kan náà. Ní Minnesota, Richard Swanson àti Gary McLean sọ ibẹ̀ di ojúkò ìwádìí; Swanson ni olóòtú àkọ́kọ́ fún jọ́nà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1990, àwọn ọ̀mọ̀wé ẹ̀ka náà sì dá ẹgbẹ́ akadá tiwọn sílẹ̀ ní 1993. Àjọ tí àwọn fásitì ńlá tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ dá sílẹ̀ yọ iṣẹ́ ọwọ́ kúrò lára orúkọ tirẹ̀, ó fi òṣìṣẹ́ rọ́pò. Àwọn arúgbó inú ẹ̀ka náà kò dùn sí i, ọ̀rọ̀ wọn sì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀: ẹni tó ń tọ́ máníjà sọ́nà ní báńkì kò fi dandan mọ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ní iṣẹ́ wẹ́dà. Síbẹ̀, ẹ̀ka tí kò yí padà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti pa dé.

Ọ̀nà tí ẹni tó ń lépa oyè náà ń tọ̀ lónìí kò yàtọ̀ púpọ̀ láti fásitì kan sí èkejì. Á kọ́kọ́ jókòó ní kíláàsì: ìtàn àti òfin ẹ̀kọ́ iṣẹ́, bí àgbàlagbà ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́, ọrọ̀ ajé, ìṣirò àti ọ̀nà ìwádìí. Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò ńlá tó máa ń ya ọ̀pọ̀ sọ́tọ̀. Ẹni tó bá yege á gbé àbá ìwádìí síwájú ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, á tún un ṣe. Kó tó lè bi òṣìṣẹ́ kan ní ìbéèrè, ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn tí a ń ṣe ìwádìí lé lórí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Òfin 1974 ló fi ìgbìmọ̀ yìí múlẹ̀, lẹ́yìn tí àṣírí tú pé, ní Tuskegee ti Booker T. Washington kan náà, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba ti fi ogójì ọdún wo àwọn ọkùnrin dúdú tó ní àrùn rẹ́kórẹ́kó láìtọ́jú wọn. Ìwé ìwádìí, ìbéèrè ojúkojú níwájú ìgbìmọ̀, àtúnṣe ìkẹyìn, lẹ́yìn náà ni a óò tó pe onítọ̀hún ní ọ̀mọ̀wé. Ó lè gba ọdún márùn-ún, ó lè gba mẹ́jọ, nítorí púpọ̀ nínú wọn kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń kàwé, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni ọ̀pọ̀ kíláàsì wọn wà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń há sí ni lẹ́yìn ìdánwò ńlá, nígbà tí kíláàsì ti parí, tí ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n mọ́, tí ìwé sì ń dúró dè wọ́n. Láti 2007, àwọn fásitì kan tó pawọ́ pọ̀ ti ń tún Ed.D. ṣe kí ìwádìí rẹ̀ lè dá lórí ìṣòro ibi iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ gan-an.

Wọ́n pa òfin Smith-Hughes rẹ́ ní 1997, lẹ́yìn ọgọ́rin ọdún. Òfin Perkins, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1984 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2018, ló ń gbé owó ìjọba àpapọ̀ wá fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ báyìí, girama àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì sì ni púpọ̀ nínú owó náà ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé, àpò ara rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó gbà á, tàbí iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ ní fásitì ni yóò fi san án. Bí a bá ka ìtàn yìí bó ṣe rí, ìwádìí lórí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ kò gbilẹ̀ tó ti 1963 sí 1970 mọ́ láti ìgbà tí owó ìjọba fún un ti dín kù.